Ẹ Wo Káàdì Abẹ́rẹ́ Ọmọ Kí Ẹ Tó Ra Tíkẹ́ẹ̀tì

Ẹ BI NỌ́Ọ̀SÌ ÀGBÀ

Lẹ́tà tó pọ̀ jù lọ lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ìrìn àjò ni. Kò yà mí lẹ́nu. Ọdún ti ń sún mọ́lé, àwọn ará òkè òkun ń múra àtiwálé, àwọn ará ilé náà ń múra àtilọ, ọmọ wẹ́wẹ́ sì wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wọn. Mo mú márùn-ún dáhùn. Àwọn tí ọjọ́ ti lọ mọ́ lọ́wọ́, mo ti fi èsì ránṣẹ́ sí wọn lórí fóònù kí ìwé yìí tó jáde. Ìdáhùn àkọ́kọ́ gùn. Ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí ohun tó wà níbẹ̀ kan ọ̀pọ̀ nínú yín.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì Àgbà. Peckham ní London ni mò ń gbé. Ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá la fẹ́ wá sí Ìbàdàn fún ọgọ́rin ọdún ìyá ọkọ mi, àárín oṣù Kìíní la ó padà. Oṣù Kẹwàá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Ọmọ méjì ni mo ní. Ẹ̀gbọ́n pé ọmọ ọdún mẹ́ta ní oṣù Kẹjọ. Àbúrò, ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ni mo bí i, ọmú ló ṣì ń mu. Wọn ò pàdánù abẹ́rẹ́ kankan nínú èyí tí wọ́n ń fún ọmọ níbí. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n lọ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, yẹ́lò fífà yẹn, fún àwọn méjèèjì. Ọkọ mi ní wàhálà òfo ni, pé òun kò gba nǹkan kan tóun fi dàgbà ní Mọ́kọ́lá. Èmi fúnra mi ní yẹ́lò káàdì tí mo gbà lọ́dún 2009 kí n tó kúrò nílé, ọdún 10 ni wọ́n kọ sí i, ó sì ti kọjá. Kí ni kí n ṣe? *Ìyá ọlọ́mọ méjì, Peckham.*

Ìyá ọlọ́mọ, ẹ kú ìtọ́jú o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá bàbá wọn lóhùn. Ẹni tó dàgbà ló ń rí ẹnu sọ ọ́. Àwọn tí éèyi àti ibà mú lọ ní kékeré kò sí láàárín wa kí wọ́n wá ro ẹjọ́ tiwọn. Èmi mọ ìyá wọn, ọ̀pọ̀ wọn ni mo bá jókòó. Àti pé ọmọ Mọ́kọ́lá tí ẹ̀fọn ti ń jẹ láti ìgbà ọmọ ọwọ́, ara rẹ̀ ti mọ ibà díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí Peckham kò mọ̀ ọ́n rárá. Kódà bàbá náà, bó bá ti pẹ́ lókè òkun, ara rẹ̀ ti gbàgbé púpọ̀ nínú ohun tó mọ̀.

Ibà pọ́njú kì í sì í ṣe ìtàn àtijọ́. Ọdún gbọọrọ kọjá tí a kò gbúròó rẹ̀ ní Nàìjíríà, tí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì kékeré kò mọ̀ ọ́n àfi nínú ìwé. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017 ni wọ́n wá rí i lára ọmọbìnrin ọlọ́dún méje kan ní Òkè-Owá, ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ilẹ̀ Ìgbómìnà nìyẹn o, kì í ṣe ibi jíjìn. Láti ìgbà náà ló ti ń yọjú káàkiri. Kò sí oògùn tó ń pa á bó bá ti wọ ara tán. Abẹ́rẹ́ yìí nìkan la ní.

Ó kan ẹ̀gbọ́n. Òkèèrè ni olójú jíjìn ti í mẹ́kún sun: ọjọ́ ìrìn àjò ni kí ẹ mú, kí ẹ wá máa ka ọjọ́ bọ̀ sẹ́yìn. Lábẹ́ òfin, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, yẹ́lò káàdì yẹn, kì í fẹsẹ̀ múlẹ̀ àfi lẹ́yìn ọjọ́ 10 tí wọ́n ti gún un. Ìyẹn ni pé ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ni ìpẹ̀kun tiyín. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró dìgbà yẹn, nítorí MMR, abẹ́rẹ́ éèyi, ṣegede àti rubella, ń bẹ níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni ọmọ náà tíì gbà á, nígbà tó pé ọmọ ọdún kan. Ó yẹ kó gba ẹlẹ́ẹ̀kejì kó tó wá, torí éèyi kò tíì kúrò nílẹ̀ wa. MMR àti ti ibà pọ́njú, kòkòrò ààyè tí wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe méjèèjì. Bí wọ́n bá fún ọmọ ní méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, àjẹsára tí wọ́n ń fún ara kì í fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Ìlànà tiyín ní Britain ni pé kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin wà láàárín wọn. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: bó bá gba MMR ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá ló lè gba ti ibà pọ́njú, ìwé rẹ̀ á fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ọjọ́ 27. Ẹ ti bọ́. Bí ẹ bá jẹ́ kí àárín oṣù Kọkànlá bá yín kí ẹ tó pe GP, dókítà àdúgbò yín, ọ̀kan á ti ìkejì síta.

Ọmọ náà ti ju ọdún méjì lọ, nítorí náà ó lè gba ti táífọ́ọ̀dù, kó gba ti àrùn ẹ̀dọ̀ A pẹ̀lú. Méjèèjì yìí, NHS, ètò ìlera ìjọba Britain, kì í gbowó rẹ̀. Ti ibà pọ́njú, owó lẹ ó san, ibi tí ìjọba fọwọ́ sí nìkan ni wọ́n sì ti ń gún un, nítorí náà ẹ tètè gba àyè. Bí ẹyin bá máa ń bá ọmọ náà jà gidi, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó fa abẹ́rẹ́ yọ, torí inú ẹyin adìyẹ ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ béèrè ohun kan sí i: abẹ́rẹ́ ìránlétí tí wọ́n ń fún ọmọ ọdún mẹ́ta ó lé oṣù mẹ́rin níbẹ̀, èyí tó ń dènà dìftéríà, àrùn tó ń dí ọ̀nà ọ̀fun, ṣé wọ́n lè fún un ṣáájú? Láti òpin ọdún 2022 ni dìftéríà ti ṣọṣẹ́ nílẹ̀ wa, Kano ló sì ti le jù. Èmi kò ní fẹ́ kí ọmọ wọ bàálù láìtíì gba ìyẹn.

Àbúrò ńkọ́? Ọ̀rẹ́ yín ṣì í níbí. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́sàn-án kì í gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, èèwọ̀ ni pátápátá, torí pé ó lè mú kí ọpọlọ ọmọ wú. Láàárín oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án, dókítà tó mọ̀ nípa ìrìn àjò ló lè pinnu, bí ewu bá pọ̀ gan-an níbi tí ọmọ ń lọ. Lọ́jọ́ tí ẹ ó gbéra, tiyín á jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́jọ ó lé ọjọ́ mẹ́rin. Ìmọ̀ràn tó dájú jù ni pé kí a sún ìrìn àjò irú ọmọ bẹ́ẹ̀ síwájú. Ṣùgbọ́n ọgọ́rin ọdún ìyá kò ṣeé sún, èmi náà mọ̀. Bí ẹ bá máa gbé e wá, ẹ̀fọn ni kí ẹ bá jà. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà pọ́njú, ọ̀sán ló ń jẹun. Nẹ́ẹ̀tì tí ẹ ta sórí bẹ́ẹ̀dì lálẹ́ kò kàn án. Nígbà tí ọmọ bá sùn lọ́sàn-án ní pálọ̀, tí àwọn àlejò ń wọlé tí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, ìgbà yẹn gan-an ni kí nẹ́ẹ̀tì wà lórí rẹ̀. Ẹ ra èyí tí wọ́n fi ń bo kẹ̀kẹ́ ọmọ wá láti ọ̀dọ̀ yín. Ẹ sì wo ẹ̀yìnkùlé ìyá: dúrọ́ọ̀mù omi tí kò ní ìdérí, táyà àtijọ́, agolo tí òjò ti bù sí. Kí ẹnìkan dà wọ́n nù kí ẹ tó dé.

Ohun tí àbúrò lè gbà ni MMR. Ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà lè gbà á ṣáájú bó bá ń lọ síbi tí éèyi wà. Wọn ò ní ka ìyẹn mọ́ méjì tó yẹ kó gbà. Bó bá pé ọdún kan, á tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ẹ má ṣe rò pé ó ti bọ́ nínú tirẹ̀. Ẹ wo apá òsì rẹ̀ náà, bóyá ẹ ó rí àpá BCG, ti ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ọmọ tí òbí tàbí òbí àgbà rẹ̀ bá ti Nàìjíríà wá lẹ́tọ̀ọ́ sí i ní Britain. Bí wọn ò bá fún un, ẹ béèrè.

Ti káàdì yín ti ọdún 2009: ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2016 ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti yí òfin náà padà, abẹ́rẹ́ kan ti tó ẹni títí ayé, àwọn tó ti gbà á ṣáájú náà wọ inú rẹ̀. Ẹ má fi bírò pa ọdún tó wà lára rẹ̀ rẹ́, ẹ má kọ nǹkan kan lé e. Ẹ tọ́jú rẹ̀ bí ojú, torí bó bá sọ nù tí wọ́n ní kẹ́ ẹ gba òmíràn, wàhálà nìyẹn fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú. Kòkòrò inú abẹ́rẹ́ yìí lè bá ọmú dé ara ọmọ. A ti rí i bẹ́ẹ̀ ní Brazil lọ́dún 2009.

Ẹ jẹ́ kí n fi kinní kan dá bàbá wọn lára yá. Lọ́dún 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi ní Gold Coast, Ghana òde òní, tí ibà pọ́njú ń ṣe. Àwọn dókítà tó fìdí kalẹ̀ sí Yábàá lẹ́nu iṣẹ́ ìwádìí àrùn náà ni wọ́n gba kòkòrò náà mú. Ọ̀kan nínú wọn, Adrian Stokes, ibà pọ́njú náà ló pa á sí Èkó lọ́dún yẹn gan-an. Láti inú kòkòrò Asibi ni Max Theiler ti ṣe abẹ́rẹ́ tí gbogbo ayé ń gún títí dòní. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń gún ọmọ yín ní London, kó má rò pé ohun òyìnbó lásán ni.

Nọ́ọ̀sì wa, ìyàwó mi ti gba físà Amẹ́ríkà fún gbogbo wa láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Houston, ó ku àyẹ̀wò ìlera. Ọmọ wa obìnrin pé ọdún mẹ́rin, káàdì rẹ̀ kún dẹ́dẹ́, ó gba éèyi ní oṣù 9 àti oṣù 15. Ẹnìkan tó ń bá wa sáré ìwé ní kò pé, pé òun mọ ẹni tí yóò bá wa kọ ọ́ kún. Ṣé òótọ́ ni? *Bàbá Ìkòròdú.*

Bàbá Ìkòròdú, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí n tún gbólóhùn kan ṣe: ẹ kò tíì gba físà, ẹ̀bẹ̀ fún un lẹ wà lórí rẹ̀. Àyẹ̀wò ìlera ló máa ń ṣáájú.

Pé káàdì kò pé, òótọ́ ni. Ìyókù, olè ni. Káàdì ọmọ yín pé fún Nàìjíríà. Amẹ́ríkà kì í ka abẹ́rẹ́ éèyi tí ọmọ gbà kó tó pé ọdún kan. Èyí tó gbà ní oṣù 15 wọlé fún éèyi, ṣùgbọ́n MMR dúró fún àrùn mẹ́ta, wọ́n á béèrè ìyókù. Á nílò MMR, kí ọjọ́ 28 ó kéré tán wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Wọ́n á tún béèrè fún ti ìgbóná olómi tí wọ́n ń pè ní chickenpox, èyí tí kò sí nínú ọ̀fẹ́ ìjọba níbí, ilé ìwòsàn aládàáni lẹ ó ti rí i. Bí wọn ò bá fún un ní MMR àti ti chickenpox lọ́jọ́ kan náà, kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin wà láàárín wọn. Àwọn ti pentavalent, abẹ́rẹ́ tó ń dènà àrùn márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, tó gbà ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 kò ṣòfò, wọ́n á kà á. BCG kò ní kó bá yín: ọmọ tó ti lé ní ọdún méjì, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń gbà yẹ̀ wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, BCG kì í sì í da ìyẹn rú.

Dókítà tí ẹ̀ka aṣojú Amẹ́ríkà yàn ló ń ṣe àyẹ̀wò náà. Ẹ mú káàdì gangan lọ bá a, kì í ṣe fọ́tò. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ pẹ̀lú. Nọ́ọ̀sì wa máa ń kọ 5/8, ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹjọ ló ní lọ́kàn. Ará Amẹ́ríkà á kà á sí ọjọ́ kẹjọ oṣù Karùn-ún, ọmọ yín á wá dà bí ẹni tó gba abẹ́rẹ́ kí wọ́n tó bí i. Mo ti rí i. Ẹ padà sí ibi tí wọ́n ti gún un, kí wọ́n fi lẹ́tà kọ orúkọ oṣù sórí ìwé tó ní òǹtẹ̀ wọn.

Ẹ jọ̀ọ́ mà, Kútọnu ni mo ti ń ra ọjà, Sẹ̀mẹ̀ ni mò ń gbà. Ọmọ mi á pé oṣù mẹ́sàn-án lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo gbé e lọ fún abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, wọ́n ní kò tíì pé, kí n padà wá ní Ọjọ́rú. Ẹnìkan ní gáréèjì ní kí n mú owó wá, òun á gba yẹ́lò káàdì ọmọ wá lọ́la, pé ọmọ kò ní láti lọ. *Oníṣòwò, Badagry.*

Ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Káàdì tí wọn ò fi abẹ́rẹ́ rà, ẹ̀fọn kò mọ̀wé kà.

Àwọn tó ní kí ẹ padà wá kò ṣe àìdáa. Ìgò kékeré kan ni abẹ́rẹ́ yẹn, lẹ́búlẹ́bú ló wà nínú rẹ̀, ọmọ mẹ́wàá ló máa ń kárí. Bí a bá ti po omi rẹ̀ mọ́ ọn, wákàtí mẹ́fà péré ló ní, ìyókù ìdàsílẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kó àwọn ọmọ jọ sọ́jọ́ kan. Ẹ lọ ní Ọjọ́rú tí ọmọ bá ti pé, ẹ tètè lọ, ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì fi ìgò náà hàn yín. Ẹ ó rí àmì róbótó kan lára rẹ̀ tó ní ihò onígun mẹ́rin funfun láàárín. Bí àárín yẹn bá ti dúdú tó àyíká rẹ̀, ooru ti bà á jẹ́, kò yẹ kí wọ́n gún ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ kì í bínú sí ìbéèrè yẹn, èmi máa ń fẹ́ràn ìyá tó bá béèrè.

Kúrò níbẹ̀, ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ lọ sí ọ́fíìsì Port Health, ẹ̀ka ìlera ìjọba ní ẹnubodè, àwọn ló ń fúnni ní yẹ́lò káàdì. Ẹ ka ọjọ́ 10 kí ẹ tó gbé e kọjá. Orílẹ̀-èdè Benin ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti pé oṣù mẹ́sàn-án. Kí ọmọ yín tó pé bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá dá yín dúró nítorí káàdì rẹ̀, owó ló ń wá.

As-salaam alaykum. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ ṣe Umrah, a ó mú ọmọ wa ọlọ́dún méjì dání. Ajẹ́ńtì ní àgbà nìkan ló ń gba abẹ́rẹ́. *Alhaji, Ìsẹ́yìn.*

Wa alaykumu s-salaam, Alhaji. Ajẹ́ńtì yín kò mọ̀. Saudi Arabia ń béèrè abẹ́rẹ́ yírunyírun onírúurú mẹ́rin, ACWY, lọ́wọ́ ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún kan sókè, kó sì ti pé ọjọ́ 10 ó kéré tán kí ẹ tó gúnlẹ̀. Abẹ́rẹ́ yírunyírun tí ọmọ gbà nílé ìtọ́jú nígbà tó pé oṣù mẹ́sàn-án, A nìkan ló wà nínú rẹ̀, ẹ má fi í ṣírò. Ti ibà pọ́njú náà á jẹ́ dandan fún ẹni tó ń ti Nàìjíríà lọ. Ẹ jẹ́ kó tún gba àjẹsára rọpárọsẹ̀ sí i, kó ku oṣù kan ó kéré tán kí ẹ tó gúnlẹ̀. Kí Ọlọ́run gbà á ní ìbáadà.

Ọmọ mi, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí, Abẹ́òkúta ni mo wà. Ọmọ mi obìnrin ń gbé ọmọ rẹ̀ bọ̀ láti Manchester, ọmọ ọdún kan àtààbọ̀. Ó ní òun á máa fún un ní oògùn ibà lójoojúmọ́ nígbà tí nǹkan kan kò ṣe é! Ǹjẹ́ kì í ba ẹ̀jẹ̀ ọmọ jẹ́? Ṣé kò sí abẹ́rẹ́ kan tí yóò gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Mo ní àgbo tó dára nílé. *Ìyá àgbà.*

Ìyá mi, mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú ojú lọ́nà àwọn ọmọ.

Abẹ́rẹ́ ibà ti dé lóòótọ́, oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Nàìjíríà, Kebbi àti Bayelsa ni wọ́n ti kọ́kọ́ fúnni. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọmọ ń gbà á, oṣù púpọ̀ ló ń gbà, àwọn ọmọ tó ń gbé níhìn-ín ni wọ́n sì ṣe é fún. Kò bá àlejò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mu. Oògùn tí ọmọ yín ń sọ ni àlejò ní. Kì í ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Ìwọ̀n bí ọmọ ṣe tẹ̀wọ̀n tó ni dókítà fi ń díwọ̀n rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó gbéra. Èyí tí wọ́n sábà ń fún wọn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì kí wọ́n tó dé, ojoojúmọ́ ni, kó jẹun tàbí mu wàrà pọ̀ mọ́ ọn. Ó korò díẹ̀. Bó bá pọ̀ ọ́ láàárín wákàtí kan, kí ó tún un fún un.

Àgbo yẹn, ẹ bá mi gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún àkókò yìí. Mi ò bu àgbo kù. Èmi kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, dókítà Manchester kò mọ̀ ọ́n, ọmọ náà sì ń lo oògùn lọ́wọ́. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fún yín ni nẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀fọn ibà, òru ló ń jẹ: ẹ ta á kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ọmọ wọ aṣọ tó bo apá àti ẹsẹ̀ láti bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Bí ara rẹ̀ bá gbóná nígbà tó wà lọ́dọ̀ yín, ẹ má fi omi tútù nù ún kí ẹ máa wò ó, ilé ìwòsàn ni, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́jọ́ náà.

Bí wọ́n bá padà, ọjọ́ méje ni wọ́n á ṣì máa lo oògùn yẹn nílé wọn. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti máa ń gbàgbé, torí àpótí ẹrù kò tíì tú tán, wọ́n ti ní ewu ti kọjá. Ẹ bá mi pè é lórí fóònù. Kí ẹ tún sọ fún un pé bí ibà bá mú ọmọ nígbàkigbà láàárín ọdún kan, gbólóhùn tí yóò kọ́kọ́ sọ fún dókítà ni pé ọmọ náà ti Nàìjíríà dé.